Láti Chipping Campden dé Broadway: ìrìn ẹsẹ̀ kìlómítà 10 lórí òkè Cotswold

Ìlú kékeré ni Chipping Campden, ìlú kékeré ni Broadway. Ọ̀kan wà ní Gloucestershire, èkejì wà ní Worcestershire, òkè kan ló sì dábùú àárín wọn. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè náà kọjá, kìlómítà 10 dín díẹ̀ ni. Òun ni apá àkọ́kọ́ nínú Cotswold Way, ọ̀nà ẹsẹ̀ oníkìlómítà 164 tó bẹ̀rẹ̀ ní Campden tó sì parí sí ìlú Bath, èyí tí wọ́n ṣí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ẹsẹ̀ orílẹ̀-èdè lọ́dún 2007. Nínú gbogbo ìrìn ọjọ́ kan tí ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Birmingham lè lọ láìsí pé ó ní mọ́tò, èyí wà lára àwọn tó dára jù lójú tiwa: òkè wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò pa ènìyàn, àmì ọ̀nà pọ̀, ilé oúnjẹ sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní òkè àti ní ìparí.

Láti Campden lọ sí Broadway ni kí ẹ rìn ín, ẹ má ṣe yí i padà. Campden ti wà lókè díẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti Broadway, òkè tó ga ju 200 mítà lọ ni ẹ ó fi orí kọ́ kí ara tó yá, láàárín nǹkan bíi kìlómítà 2 péré. Àwọn tó bá gba ibẹ̀ ti máa ń rẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi tó dùn wò.

Oko olóko, ọ̀nà gbogboògbò

Ohun tó máa ń já àyà ẹni tó kọ́kọ́ wá rèé: oko àti pápá àwọn àgbẹ̀ ni ẹ ó gbà kọjá lójú ọ̀nà yìí. Ẹ ó ṣí géètì onígéètì, ẹ ó la àárín àgùntàn kọjá, nígbà mìíràn ẹ ó la àárín ọkà tó ti dé orúnkún kọjá. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ lè jẹ́ ti àgbẹ̀ kí ọ̀nà tó là á kọjá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àgbẹ̀ kò sì lágbára láti dí i. Ó lè tú ọ̀nà tó la àárín oko láti gbin nǹkan, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 14 ó gbọ́dọ̀ tún un là padà, kó sì fẹ̀ tó mítà 1 ó kéré tán. Nítorí náà, bí ẹ bá dé oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tí ẹ kò rí ojú ọ̀nà, ẹ má ṣe máa fara pamọ́ yí etí oko ká. Ẹ wo máàpù, ẹ wo ibi tí géètì wà ní òdìkejì, kí ẹ sì rìn tààrà lọ síbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ yín kò kọjá ojú ọ̀nà náà o. Bí ẹ bá yà sínú oko láti ya fọ́tò tàbí láti jókòó jẹun, ẹ ti kúrò lórí ohun tí òfin fún yín.

Àmì tí ẹ ó máa wá ni èso igi óòkù funfun kan, ó dàbí ẹyin kékeré tó dé fìlà. Ẹ ó rí i lára òpó, lára géètì, nígbà mìíràn lára ògiri. Ọfà sábà máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọfà yẹ́lò ń sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ni ọ̀nà. Ọfà búlúù ń sọ pé ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà lè gbà á, nítorí náà ẹ máa fetí sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti rìn ju ìṣẹ́jú 10 lọ láìrí èso funfun yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣìnà. Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn. Ẹni tó bá ní “ẹ jẹ́ ká ṣáà máa lọ, a ó jáde síbìkan” ló máa ń bá ara rẹ̀ létí títì mọ́tò nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú.

Géètì jẹ́ oríṣi méjì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń yí síwá sẹ́yìn nínú àhámọ́ kékeré, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ẹ tì í síwájú, ẹ wọnú àhámọ́, ẹ fà á kọjá ara yín, kí ẹ tó jáde. Báàgì ńlá máa ń há níbẹ̀. Ẹ bọ́ ọ kúrò lẹ́yìn. Èkejì ni géètì oko gbọọrọ. Bí ẹ bá bá a ní títì, ẹ tì í padà. Bí ẹ bá bá a ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé àgbẹ̀ fẹ́ kí ẹran rẹ̀ dé ibi omi.

Ìgbà tó dára, àti bí ẹ ó ṣe débẹ̀

Ìparí oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ló dára jù, lẹ́yìn náà oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mọ́kànlá àárọ̀ nígbà yẹn ti ń fi àkókò ṣeré. Ní oṣù kẹfà ilẹ̀ kì í ṣú títí di aago mẹ́wàá alẹ́ kù díẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wù yín.

Láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paddington lọ sí Moreton-in-Marsh. Ó tó wákàtí kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Láti Moreton, bọ́ọ̀sì ń lọ sí Campden, bọ́ọ̀sì sì ń bọ̀ láti Broadway padà sí Moreton. Ibi tí ènìyàn ti ń ṣubú nìyí: bọ́ọ̀sì ìgbèríko kì í ṣe bọ́ọ̀sì Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lè jẹ́ wákàtí kan tàbí méjì kí òmíràn tó dé, èyí tó kẹ́yìn sì lè ti lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Sunday ó máa ń ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹ wo àkókò rẹ̀ lórí Traveline, ìkànnì àkókò ọkọ̀ èrò, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bọ́ọ̀sì àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó wá kà á sẹ́yìn: bí èyí tó kẹ́yìn bá kúrò ní Broadway ní aago márùn-ún, kí ẹ ti wà ní Campden ní aago mọ́kànlá. Nọ́ńbà takisí àdúgbò náà ni kí ẹ sì ní lọ́wọ́, torí takisí kì í dúró síbẹ̀ de èrò. Moreton sí Broadway tó kìlómítà 13. Ibùdókọ̀ ojú irin Honeybourne, lójú irin kan náà, sún mọ́ Broadway ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè rí i lórí máàpù pé Broadway ní ibùdókọ̀ ojú irin tirẹ̀. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ èéfín àtijọ́ ló ń gba ibẹ̀ fún ìgbafẹ́, Cheltenham ló sì ń lọ. Kò lè gbé yín padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tí ẹ ó wọ̀ àti ohun tí ẹ ó gbé

Bàtà ló ṣe pàtàkì jù. Kò pọn dandan kó wọ́n, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní eyín jíjìn. Bàtà eré ìdárayá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú á yọ̀ lórí koríko tútù bíi pé òrí wà lábẹ́ rẹ̀. Bàtà tuntun ni kí ẹ ti wọ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ kan; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gìgísẹ̀ á ti bó kí ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà. Ìbọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú báàgì.

Ẹ má wọ jíǹsì. Bí òjò bá pa á, omi á dúró sínú rẹ̀, á wúwo, á sì máa fa ooru ara yín jáde títí ẹ ó fi délé. Ṣòkòtò fẹ́lẹ́ tó ń yára gbẹ ló dára. Lókè ara, ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta léra dípò ẹyọ kan tó nípọn, kí ẹ lè bọ́ ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń gòkè, kí ẹ tún wọ̀ ọ́ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lókè. Ẹ̀wù òjò kò ṣeé fi sílé, kódà nínú oṣù keje.

Omi lítà 1 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lítà 1 àti ààbọ̀ bí oòrùn bá ń ràn. Ẹ má mu omi ìṣàn tí ẹ bá rí lójú ọ̀nà, ìgbẹ́ àgùntàn ń bẹ lókè rẹ̀. Ní ti oúnjẹ, ohun tó ṣeé jẹ tútù tí kò ní da ọbẹ̀ sí báàgì ni ká wá: móínmóín inú ike, àkàrà pẹ̀lú búrẹ́dì, ẹyin sísè, ẹ̀pà. Tíì gbígbóná nínú fúláàsì ń ṣe iṣẹ́ ńlá lókè òkè.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń lọ tó máa ń bọ̀, nítorí náà ẹ ti gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí páwábáǹkì sì wà. Máàpù oníwèé tó bá ibẹ̀ mu ni OS Explorer OL45. Sẹ̀ǹtímítà 4 lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1 lórí ilẹ̀, Cotswold Way sì ní àmì dáyámọ́ńdì aláwọ̀ ewé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó: ìṣirò tí William Naismith gbé kalẹ̀ lọ́dún 1892 ni pé wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí ẹ sì fi wákàtí 1 kún un fún gbogbo 600 mítà tí ẹ bá gùn. Kìlómítà 10 jẹ́ wákàtí 2, gígun òkè tó lé díẹ̀ ní 200 mítà jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ìyẹn fún ẹni tí kò dúró rárá. Ẹ fi géètì, fọ́tò àti oúnjẹ kún un, ó di wákàtí 3 àti ààbọ̀. Bí ọmọdé bá wà, wákàtí 4 àti ààbọ̀.

Láti ọjà Campden dé Dover’s Hill

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Market Hall, ilé olókùúta tó ṣí sílẹ̀ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín High Street. Sir Baptist Hicks ló kọ́ ọ lọ́dún 1627 kí àwọn oníṣòwò lè rí ibi sá fún òjò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ilẹ̀, ni òkúta roboto tó sàmì ìbẹ̀rẹ̀ Cotswold Way wà. Ìlú yìí là nítorí òwò irun àgùntàn. Ilé William Grevel, ọ̀kan lára àwọn olówò irun àgùntàn tó kú lọ́dún 1401, ṣì ń bẹ lójú títì kan náà. Ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó kúrò, torí ó di òkè kí ẹ tó tún rí òmíràn.

Ẹ máa tẹ̀lé High Street lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, títí ẹ ó fi dé ilé ìjọ Kátólíìkì St Catharine. Ẹ yà sí ọ̀tún níbẹ̀ sí Back Ends, lẹ́yìn náà ẹ yà sí òsì sí Hoo Lane. Àwọn tó bá ń wo ilé tó rẹwà máa ń kọjá ibi ìyàsọ́tùn yìí. Bí ilé bá ti ń tán lójú títì ńlá tí ẹ kò tíì yà, ẹ ti kọjá rẹ̀.

Hoo Lane á máa gòkè. Títì ni níbẹ̀rẹ̀, yóò di ọ̀nà oko, yóò sì di ojú ọ̀nà ẹsẹ̀. Ẹ má sáré. Bí ẹ kò bá lè máa sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle, ẹ ń yá jù. Lókè ẹ ó já sí Kingcombe Lane, títì tóóró tí mọ́tò ń gbà. Ẹ yà sí òsì, ẹ rìn díẹ̀, nǹkan bí 100 mítà, kí ẹ tó yà sí ọ̀tún sí ojú ọ̀nà tó gba etí oko. Ojúkojú pẹ̀lú mọ́tò tó ń bọ̀ ni kí ẹ máa rìn lórí títì tí kò ní ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀.

Géètì kan á mú yín jáde sórí Dover’s Hill, 230 mítà. Ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àfonífojì Evesham wà nísàlẹ̀, àwọn òkè Malvern sì ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ lọ sí òpó kọnkéré àwọn awọnlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ yà sí òsì, kí ẹ máa gba etí òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ọwọ́ ọ̀tún yín. Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀: ojú ọ̀nà mìíràn wà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú igbó kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ yí òkè ká, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá ti ń sọ̀kalẹ̀ gan-an ní Dover’s Hill, ẹ dúró, ẹ gòkè padà. Orí òkè ni ọ̀nà yín wà títí dé ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Robert Dover, amòfin kan, ló bẹ̀rẹ̀ eré ìdíje lórí òkè yìí ní nǹkan bí ọdún 1612. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní ọjọ́ Friday tó tẹ̀lé ìsinmi ìparí oṣù karùn-ún, títí kan ìdíje tí ènìyàn méjì ti ń di ara wọn léjìká mú, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbá ara wọn ní ojúgun, tí koríko gbígbẹ kún inú ṣòkòtò wọn. Ẹni tó fẹ́ràn gídígbò á gbádùn rẹ̀. Ẹni tó wá wá ìdákẹ́jẹ́ kò gbọdọ̀ yan ọjọ́ yẹn.

Láti Dover’s Hill dé Broadway Tower

Ẹ jáde ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ yà sí òsì lórí títì títí dé oríta mẹ́rin, ẹ yà sí ọ̀tún níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ lórí koríko ẹ̀gbẹ́ títì, èso funfun á yí yín sí òsì wọ inú pápá, yóò sì mú yín dé Mile Drive: ọ̀nà koríko gbọọrọ, ó tẹ́jú, igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ máa gbà á lọ sí ọ̀tún. Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ọmọdé lè sáré tẹ́rùn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ ó la pápá kọjá, ẹ ó kọjá Buckle Street, títì kékeré àtijọ́, ẹ ó sì dé ibi ìsinmi Fish Hill, níbi tí tábìlì wà fún oúnjẹ. Ẹ sinmi níbí, torí ohun tó kàn ló léwu jù nínú gbogbo ìrìn náà: títì A44. Mọ́tò máa ń sáré gan-an lórí òkè yẹn, ìtẹ̀kọ́rọ́ sì wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí yín kí wọ́n tó dé tòsí. Kò sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró fún yín. Ibi tí àmì wà gan-an ni kí ẹ ti kọjá. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú, ẹ so ajá, ẹ yọ ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin kúrò létí, kí gbogbo yín sì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọdọ̀ sí pé ẹnì kan dá dúró lẹ́yìn.

Ní òdìkejì, igbó díẹ̀, pápá díẹ̀, òkè díẹ̀, ẹ sì ti dé Broadway Tower. Ilé ìṣọ́ olókùúta yìí ga tó 20 mítà, James Wyatt ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1799. Òkè tó dúró lé jẹ́ 312 mítà. Cleeve Hill nìkan ló ga jù ú ní gbogbo Cotswold. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí òkè ilẹ̀ Wales. Owó ni ẹ ó san láti wọ inú ilé ìṣọ́ náà. Ojú ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kò ní owó. Ilé tíì wà nítòsí, àgbọ̀nrín pupa sì wà nínú ọgbà. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ wọ aṣọ tí ẹ bọ́ kí ẹ tó jókòó.

Ìsọ̀kalẹ̀

Ẹ má tẹ̀lé títì tí mọ́tò ń gbà kúrò ní ilé ìṣọ́. Géètì kékeré tó wà lẹ́bàá ilé náà gan-an ni ti Cotswold Way, ibẹ̀ lẹ ó ti sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta.

Ẹ kọ́kọ́ tú okùn bàtà, ẹ fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè sún sẹ́yìn, kí ẹ wá so ó le ní ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ìka á máa gbá iwájú bàtà títí dé ìsàlẹ̀, èékánná á sì dúdú lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn yẹ kó mú ọ̀pá méjì wá fún ìsàlẹ̀ yìí.

Ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ nísàlẹ̀ bí òkè tilẹ̀ gbẹ. Ìdí ni pé òkúta ẹfun ló wà lórí òkè, omi òjò sì ń wọ inú rẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀ òkúta náà ni amọ̀ wà, omi kò sì lè gba inú amọ̀ kọjá, nítorí náà ó máa ń sun jáde lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Pápá tó kẹ́yìn kí ẹ tó wọ Broadway ni ènìyàn ti máa ń ṣubú, nígbà tó ti rò pé ìrìn ti parí. Ẹ gba orí koríko, ẹ yẹra fún ibi tó ń dán.

Ojú ọ̀nà á já sí Upper High Street. Ẹ yà sí òsì, títì náà á mú yín wọ àárín Broadway.

Màlúù, ajá, àti ohun tó ń ta ni

Àgùntàn kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ má ṣe gba àárín ìyá àti ọmọ kọjá láéláé. Ẹ yí wọn ká lọ́nà jíjìn, kódà bí ó bá mú yín kúrò lójú ọ̀nà fúngbà díẹ̀. Bí wọ́n bá ń tẹ̀lé yín, ẹ má sáré, ẹ rìn jẹ́jẹ́ lọ sí géètì. Bí ẹ bá mú ajá dání tí màlúù sì lé yín, ẹ tú okùn ajá sílẹ̀: ajá ni wọ́n ń lé, á sì sá àsálà.

Ajá àwọn arìnrìn-àjò mìíràn lè sáré wá bá yín. Ẹ dúró, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ má wò ó lójú, kí ẹ sì ké sí olúwa rẹ̀ kó pè é.

Èsìsì pọ̀ lẹ́bàá géètì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí mìíràn nìyẹn tí ṣòkòtò gígùn fi sàn ju kúkúrú lọ. Wáyà fẹ́lẹ́ tó ní páálí yẹ́lò lára, iná wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́ ìgbànú wò fún eégbọn. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú tín-ín-rín dì í mú lẹ́bàá awọ ara, ẹ fà á jáde tààrà láìyí i. Bí ara bá pọ́n roboto níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ lọ rí dókítà. Lára dúdú, pípọ́n náà lè má hàn kedere. Ẹ wo bóyá ibẹ̀ ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ.

Bí ẹnì kan bá fara pa, ẹ pe 999. Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ “register” ránṣẹ́ sí 999 láti orí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì tẹ̀lé ìdáhùn wọn, kí ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè wọ́n níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti tó fún ohùn. Nọ́ńbà ibi tí ẹ wà lórí máàpù ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ní Broadway, ẹ gbọn ẹrẹ̀ bàtà dànù kí ẹ tó wọ ilé tíì èyíkéyìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí bọ́ọ̀sì yín ti ń dúró àti ẹ̀gbẹ́ títì tó wà, kí ẹ tó lọ jókòó.